Rẹ́kọ́ọ̀dù Inú Àpótí: Ìwé Ìtàn Tí Ń Kọrin

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n nínú ilé ọ̀pọ̀ nínú wa ní Treichville àti Adjamé, ohun kan wà tó ju àrọ́bá lọ: àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn bàbá wa, tí eruku ti bò. Àwọn ọmọ wa ń béèrè ohun tí a ṣì fi ń ṣe, nígbà tí orin ti kún inú fóònù. Ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn.

Ọdún 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá àgbà Fẹlá, kọ orin Yorùbá sínú àwo ní London. Àwo ìgbà náà ń yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kan rẹ̀ kò sì gbà ju orin bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kí olórin tó kí ènìyàn méjì, àwo ti tán. Ní 1948 ni àwo ńlá tí a ń pè ní LP jáde ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó tàn dé ọ̀dọ̀ wa, ojú kan lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Àyè wá gba olórin láti ki ẹgbẹ́ kan láti orí alága dé orí akápò, kí ó sì pe ìdílé kọ̀ọ̀kan ní oríkì. Bẹ́ẹ̀ ni Hárúnà Ìṣọ̀lá ṣe fi àwo kí Oroki Social Club ti Òṣogbo ní 1971. Irú àwo wọ̀nyí ni àwọn èrò Èjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń dì mọ́ ẹrù bọ̀ ní Abidjan.

Kì í ṣe rírà nìkan ni a rà. Àwa tí wọ́n ń pè ní Anango níbí wà lára àwọn tó gbé orin ilẹ̀ yìí dìde. Raimi Gbadamassi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Badmos, ta rẹ́kọ́ọ̀dù ní Abidjan, ó sì ń gbé àwo jáde. Òun ló gbé Ziboté jáde ní 1977, àwo Ernesto Djédjé, ẹni tó dá ziglibithy sílẹ̀. Èkó ni wọ́n ti kọ ọ́. Bí ọmọ kan bá ní àlejò lásán ni wá níbí, ẹ fi orúkọ Badmos tó wà lára àwo náà hàn án.

Kásẹ́ẹ̀tì dé, sídì dé, fóònù dé. A kò kórìíra wọn, ṣùgbọ́n fóònù kì í sábà sọ ẹni tó lu ìlù tàbí ibi tí wọ́n ti kọ orin. Páálí rẹ́kọ́ọ̀dù a máa sọ ọ́, pẹ̀lú àwòrán. Ní 2022, iye rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ju ti sídì lọ, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1987. Àwọn òyìnbó ń tún àwo àtijọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tẹ̀. Ohun tí a fẹ́ dà nù ni ẹlòmíràn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá rà.

Tiwa tún yàtọ̀ sí ti òǹrajà. Nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìdìbò 2010, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ilé sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àti báàgì kan ṣoṣo. Ta ni yóò gbé àpótí àwo? Orúkọ bàbá àgbà ẹlòmíràn sì lè má sí níbòmíràn mọ́ àfi lẹ́nu olórin kan tó ti kú.

Nítorí náà, kí á tó ta àpótí yẹn fún alágbàtà, ẹ jẹ́ ká to àwo lóòró, kí á gbé wọn kúrò lóòrùn, kí á ní kí àwọn ọ̀dọ́ wa gbà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Kí á tún jókòó ti àwọn àgbà, kí á bi wọ́n léèrè ẹni tí olórin ń kí, kí á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ tí a kò mọ ẹni tó ni ín mọ́, ariwo lásán ni yóò jẹ́ létí ọmọ wa.