Wergild

Ọ̀rọ̀ òfin àwọn ẹ̀yà Jámánì ayé àtijọ́ ni wergild, èyí tí àwọn òǹkọ̀wé kan ń tú sí ìtanràn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra gedegbe. Wer ni ọkùnrin tàbí ènìyàn, gild sì ni owó sísan, nítorí náà àpapọ̀ wọn ni iye tí apànìyàn tàbí ìdílé rẹ̀ gbọ́dọ̀ san fún ẹbí olóògbé kí wọ́n má baà gbẹ̀san, bí ìgbà tí a bá sọ pé: “Àwọn ọmọ olóògbé gba wergild, wọ́n sì dá idà padà sínú àkọ̀.” Ipò òkú ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀: Lex Salica, ìwé òfin àwọn Frank, bu 200 sólídù, ìyẹn owó wúrà, lé ẹ̀mí Frank tí kì í ṣe ẹrú, ó sì sọ ọ́ di 600 bí olóògbé bá jẹ́ ẹmẹ̀wà ọba. Ìtanràn gan-an, tí í wọ àpò ọba, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ń pè ní wite. “Owó ẹ̀jẹ̀” ló súnmọ́ wergild jù, àmọ́ ohun tí Júdásì gbà ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé yóò kọ́kọ́ rántí.