Gbogbo Ìlú Ń Gbọ́, Arọ́kin Ló Ń Tọ́jú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ dátábéèsì ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ mọ òfin yìí: ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba SELECT, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gba UPDATE. Kí kọ̀ǹpútà tó dé rárá, ààfin Ọ̀yọ́ ti ní irú ètò yìí. Ìdílé Arọ́kin ló ń tọ́jú ìtàn àwọn ọba, ọmọ ń gbà á lọ́wọ́ baba. Ará ìlú ń gbọ́ ọ, àmọ́ iṣẹ́ wọn kọ́ ni láti fi kún un.

Ètò náà kò jẹ́ kí ìtàn di ti ẹlẹ́nu méjì. Ṣùgbọ́n ọba ló ń bọ́ Arọ́kin. Ta ni yóò wá tún ohun tó dùn mọ́ ọba ṣe?

Àlùfáà Samuel Johnson, tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, gba ìtàn àtijọ́ lẹ́nu Arọ́kin. Láti ìgbà Aláàfin Abíọ́dún wá, àwọn tọ́rọ̀ ṣojú wọn ló bi. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù nílùú Òyìnbó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Obadiah àbúrò rẹ̀ fi àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ. Ó jáde ní 1921.

Ẹ pín àṣẹ o, kó dára. Ṣùgbọ́n ẹ fún ẹni tó ń kà nìkan níbi tí yóò ti sọ pé, “Èyí ò rí bẹ́ẹ̀.”