Ìlú Tí Kò Ní Ọba

Bí a bá wí fún ọmọ Yorùbá pé ìlú kan wà tí kò ní ọba, yóò bèèrè pé, ta ni ń parí ìjà níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbò ti dáhùn tipẹ́: àwọn àgbà, àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn ọmọbìnrin ilé a máa pàdé títí ẹnu wọn yóò fi kò.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìwé àṣẹ yan olóyè tí ìlú kò mọ̀. Ní ìparí ọdún 1929, nígbà tí a ń ka ènìyàn ní Oloko, ẹ̀rù owó orí ba àwọn obìnrin. Nwanyeruwa figbe ta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì dìde. Ìbọn ìjọba pa obìnrin tí ó lé ní 50, ṣùgbọ́n ètò olóyè oníwèé náà wó.

Síbẹ̀, ní ọdún 1989, ìjọba ológun fi àṣẹ dá ẹgbẹ́ òṣèlú méjì péré sílẹ̀, SDP àti NRC. Kí ọdún 1993 tó parí, àṣẹ ológun ti tú méjèèjì ká. Ohun tí ìlú kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, ìlú kì í ṣọ́ ọ.