Láti Ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ dé Àmọ̀tẹ́kùn Òkè-Ògùn

Òkè-Ògùn kì í ṣe òkè ogun, bó tilẹ̀ ń dún bẹ́ẹ̀ létí àlejò. Odò Ògùn ló fún Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèhò àti àwọn ìlú ẹgbẹ́ wọn lórúkọ àjùmọ̀jẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ogun mọ ilẹ̀ náà dáadáa.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Eṣinṣin tó ń pa ẹṣin kò pọ̀ níbẹ̀ tó ti inú igbó, ẹ̀yìn ẹṣin sì ni Ọ̀yọ́-Ilé, olú ìlú Aláàfin, ti di alágbára. Títí wọ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Dàhòmì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin.

Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni olórí ogun. Samuel Johnson kọ ọ́ pé gbẹ́rẹ́ 201 ni wọ́n ń sín sí i lórí lọ́jọ́ tó bá joyè, kí ẹ̀rù má baà bà á mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ lọ jagun níbi tí Aláàfin bá ní kó lọ. Kóṣù mẹ́ta tó pé, kó ti ṣẹ́gun dé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Ta ni ó sinmi nínú irú oyè yẹn?

Òkè-Ògùn gan-an ni oyè náà ti kọsẹ̀. Nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún ń parí lọ, Aláàfin Aólẹ̀ ní kí Àfọ̀njá, Kakaǹfò rẹ̀, lọ kọlu Ìwéré-Ilé, ìlú tí òkè àti odi dáàbò bò, tó sì tún jẹ́ ìlú ìyá Aláàfin kan láyé àtijọ́. Àwọn ọmọ ogun kò jà. Aláàfin ni wọ́n kẹ̀yìn sí. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1835, Ọ̀yọ́-Ilé ti dahoro. Ahoro náà ti di ara ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ báyìí.

Láti ìgbà náà, ìṣọ́ ilé ẹni ló kù fún Òkè-Ògùn. Ní 1916, Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde sí ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀, àwọn sójà sì tẹ̀ wọ́n rì. Lọ́dún kejì, Òkèhò kó kúrò láàárín àwọn òkè tó ti ń ṣe odi fún un.

Ọjọ́ 9 oṣù Kìíní 2020 ni ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ṣí ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Mínísítà ètò ìdájọ́ ní kò bófin mu. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ ọ́ dòfin lóṣù Kẹta. Àwọn ọdẹ wà nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Ìlú ẹlòmíì kọ́ ni wọ́n ń lọ jà.

Koríko tó bọ́ ẹṣin Aláàfin ló ń fa màlúù wá báyìí. Bí ẹran bá wọ oko àgbàdo lóru, ẹni tó mọ ọ̀nà igbó ni wọ́n ń wá: á so tọ́ọ̀ṣì mọ́ iwájú orí, á gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di ẹ̀yìn ọ̀kadà.