Ẹnu Ọ̀nà Wimbledon: Ìtàn Tó Wà Nídìí Ìrìnàjò Wa

 

Bí Ọlọ́run bá fẹ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń gbèrò láti pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún tó ń bọ̀ láti lọ wo ìdíje tẹ́nìsì Wimbledon. Èmi ń bọ̀ láti Houston, ẹ̀gbọ́n ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Wọ́n ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí ọdún kan tí oṣù keje á dé tí wọn ò ní jókòó ti rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n nítorí Wimbledon. Wọn ò tíì fi ojú ara wọn rí i rí.

Bí a ṣe ń múra, a rí i pé gbogbo ìwé tí a ní láti gbà ló ní ìtàn lẹ́yìn. Tíkẹ́ẹ̀tì ní ìtàn. Ìlà títò ní ìtàn. Físà náà ní tirẹ̀, òun ló sì le jù. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló ní bàbá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n nílé tó ti ń retí pé ká jọ lọ wo nǹkan kan kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1868 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ni Wimbledon sílẹ̀. Croquet ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi òòlù onígi gbá bọ́ọ̀lù lórí koríko. Wọ́n fi tẹ́nìsì kún un ní 1875. Nígbà tó di 1877, wọ́n nílò owó láti tún irin ńlá tí ẹṣin ń fà láti fi tẹ koríko mọ́lẹ̀ ṣe, ni wọ́n bá pe ìdíje. Ọkùnrin 22 ló forúkọ sílẹ̀, Spencer Gore ló sì borí. Àwọn èèyàn bíi 200 ló wá wo àṣekágbá, ṣílè kan ni oníkálukú san.

Ṣílè kan péré! Kò sí pé ẹnì kan sùn mọ́jú lórí ìlà, kò sì sí ẹni tó ń gbàdúrà kí kọ̀ǹpútà mú orúkọ òun. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ṣílè yẹn tàn yín jẹ. Àwọn ọ̀tọ̀kùlú ló ni eré náà, àwọn ló sì ń pinnu ẹni tó lè gbá a. Àní àwọn obìnrin funfun pàápàá ò ríbi díje níbẹ̀ títí di 1884, ọdún tí Maud Watson di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ.

Àdúgbò Worple Road ni ìdíje náà wà níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí èrò pọ̀ jù, wọ́n kó lọ sí Church Road ní 1922, ibẹ̀ ló sì wà dòní. Láti rí owó ra ilẹ̀ tuntun náà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé kan tí wọ́n ń pè ní debenture láti 1920. Ẹni tó bá lówó gọbọi á ra ìwé náà, wọ́n á sì fún un ní ìjókòó tirẹ̀ ní pápá ńlá fún ọdún mélòó kan. Ní 1924, wọ́n dá kèké sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, torí pé àwọn tó ń béèrè tíkẹ́ẹ̀tì ti ju àyè lọ. Èyí ni wọ́n ń pè ní Ballot.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, Wimbledon náà sì ní tirẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni owó: tíkẹ́ẹ̀tì debenture nìkan ni òfin wọn gbà kí ẹni tó rà á tún un tà fún ẹlòmíì, owó rẹ̀ ò sì ṣeé fẹnu sọ. Ọ̀nà kejì ni kèké: o forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìgbà tí ọdún ń lọ sópin, o sì dúró. Bí wọ́n bá mú ọ, àwọn ló máa yan ọjọ́ àti pápá fún ọ, o ò sì lè gbé tíkẹ́ẹ̀tì náà fún ẹlòmíì.

Ọ̀nà kẹta ni ìlà, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn jù. Lójoojúmọ́ ìdíje, wọ́n máa ń fi tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fún ẹni tó bá wá tò ní Wimbledon Park. Bí ẹ bá dé, wọ́n á fún yín ní káàdì tó ní nọ́ńbà, ẹnì kan káàdì kan. Àwọn tó ń wá ìjókòó ní Centre Court máa ń pa àgọ́ kékeré, wọ́n á sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ní 2001, òjò sún àṣekágbá àwọn ọkùnrin, láàárín Goran Ivanisevic àti Patrick Rafter, sí ọjọ́ Ajé. Tíkẹ́ẹ̀tì 10,000 ni wọ́n tà fún àwọn tó wá tò. Ariwo tí àwọn èrò yẹn pa lọ́jọ́ náà, àwọn tó wò ó ò tíì gbàgbé. Ivanisevic tó jẹ́ pé àánú ni wọ́n fi jẹ́ kó wọlé díje ló gba ife.

Ọ̀rọ̀ àwọn òǹwòran la ṣì ń sọ o. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, títí di 1950, wọn ò gba aláwọ̀ dúdú láyè nínú ìdíje ńlá ilẹ̀ wọn ní Forest Hills. Althea Gibson, ọmọ tí wọ́n bí ní South Carolina tó dàgbà sí Harlem, ti ń fẹ̀yìn gbogbo ẹni tó bá pàdé nínú ìdíje àwọn aláwọ̀ dúdú balẹ̀, síbẹ̀ wọn ò pè é. Ní oṣù keje 1950, Alice Marble, obìnrin funfun tó ti gba ife Wimbledon rí, kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìròyìn tẹ́nìsì kan láti bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà náà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbà Gibson wọlé. Ó dé Wimbledon ní 1951. Ní 1957, ó borí, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fúnra rẹ̀ ló gbé ife lé e lọ́wọ́. Nígbà tó padà dé New York, gbogbo ìlú tú jáde láti kí i. Ó tún gbà á ní 1958.

Arthur Ashe ló kàn. Ìtàn tirẹ̀ ló mú mi ronú lórí físà. Ní 1969, Ashe fẹ́ lọ díje ní Gúúsù Áfíríkà. Kì í ṣe akúṣẹ̀ẹ́: ọdún tó ṣáájú ló gba ife ẹ̀yẹ ìdíje US Open. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kọ̀, wọn ò fún un ní físà. Ó tún béèrè, wọ́n tún kọ̀. Ọdún 1973 ni wọ́n tó gbà. Ashe wá sọ pé òun ò ní gbá bọ́ọ̀lù níwájú èrò tí wọ́n bá pín funfun sọ́tọ̀, dúdú sọ́tọ̀. Ẹ wò ó dáadáa: kò ronú lórí ìwọlé tirẹ̀ nìkan, ó ronú lórí ẹni tó máa jókòó wò ó. Lọ́dún 1975, ó na Jimmy Connors ní àṣekágbá Wimbledon, ó di ọkùnrin dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife náà.

Ashe mọ ilẹ̀ wa o. Ní 1971, ó rí ọmọ ọdún 11 kan tó ń gbá tẹ́nìsì ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ará Faransé pé kí wọ́n mójú tó o. Yannick Noah ni ọmọ náà, tó gba ife Faransé ní 1983. Ní oṣù kejì 1976, Ashe wá díje ní Èkó. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed. Nígbà tí Ashe àti Jeff Borowiak ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn sọ́jà wọ orí pápá, wọ́n dá eré dúró. Caracas, ní ilẹ̀ Fẹnẹsuẹ́là, ni wọ́n lọ parí ìdíje náà sí.

Ṣùgbọ́n kí Ashe tó dé, tẹ́nìsì ti pẹ́ ní Èkó. Ọdún 1895 ni wọ́n dá Lagos Lawn Tennis Club sílẹ̀. Lásìkò tí àwọn òyìnbó ń ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ wọn mọ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn ọmọ Yorùbá ìlú Èkó dá tiwọn sílẹ̀ ní Oníkàn ní 1926, wọ́n pè é ní Yoruba Tennis Club. Ẹ wo orúkọ náà. Ẹni tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún kọ́ ilé tirẹ̀, ó sì kọ orúkọ ìran rẹ̀ sára ògiri.

Èyí tó kan ẹ̀gbọ́n mi jù ni ti Nduka Odizor. Èkó ni wọ́n bí i sí, bọ́ọ̀lù ló ń ṣà fún àwọn tó ń gbá tẹ́nìsì kó tó di pé òun náà di rákẹ́ẹ̀tì mú. Yunifásítì Houston ló lọ, ní ìlú tí mò ń gbé yìí. Ní Wimbledon 1983, nínú eré àkọ́kọ́, ó pàdé Guillermo Vilas ará Ajẹntínà tí wọ́n tò sí ipò kẹrin. Vilas gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Odizor kó mẹ́ta tó kù! Ó dé ìpele kẹrin lọ́dún náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà tí rédíò kéde rẹ̀, àwọn tíṣà fò sókè bí ọmọdé. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ pé, "Lọ́jọ́ kan, èmi náà á dé ibẹ̀."

Ọjọ́ yẹn ti lé ní ogójì ọdún. Kí ló ti dá ẹ̀gbọ́n dúró? Owó ni, títí tí mo fi dé ibi tí mo ti lè ṣèrànwọ́. Lẹ́yìn náà, ó ku físà.

Èmi tí mo ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, orí fóònù ni mo ti máa gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní ETA, tí Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ wa ní oṣù kìíní 2025. Ẹ̀gbọ́n mi tó mú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ kọ fọ́ọ̀mù gígùn, kí wọ́n fi ìwé báńkì hàn, kí wọ́n lọ tẹ ìka, kí wọ́n sì fi ẹ̀rí hàn pé àwọn máa padà sílé. Ìyá kan, bàbá kan ló bí wa o. Orílẹ̀-èdè kan ti kọ físà ẹ̀gbọ́n rí, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá bá mi ṣe ìkómọ. Wọ́n ní kò dá àwọn lójú pé wọ́n á padà. Ẹni tó nílé, tó ní ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án ní Ìbàdàn! Ẹ̀gbọ́n ò bínú síta, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó tún fẹnu kan ọ̀rọ̀ ìrìnàjò.

Nítorí náà, báyìí la ṣe tò ó. Èmi ni mo forúkọ sílẹ̀ fún kèké, torí tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni ẹni tí wọ́n bá mú lè rà. A ò ní san owó bàálù tí kò ṣeé gbà padà kí físà tó jáde. Ó di oṣù mẹ́ta sí ọjọ́ ìrìnàjò kí wọ́n tó gbà kéèyàn béèrè físà náà, nítorí náà a ti ń kó ìwé jọ láti ìsinsìnyí: ìwé owó ìfẹ̀yìntì, ìwé ilé, ìwé báńkì, àti lẹ́tà tí èmi fúnra mi kọ láti ṣàlàyé ẹni tó ń san kí ni.

Bí kèké ò bá mú wa, ìlà ń bẹ. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn lè sùn nínú àgọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, eékún yín ńkọ́?" A ti wá fẹnu kò pé ìdájí la máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Southfields, ká gba tíkẹ́ẹ̀tì orí ilẹ̀ tí kò ní ìjókòó pápá ńlá. Àwọn pápá kéékèèké ni ẹni tí wọn ò tíì mọ̀ ti sábà máa ń gbá. Nírọ̀lẹ́, bí àwọn kan bá ti kúrò ní Centre Court, wọ́n máa ń tún ìjókòó wọn tà lówó pọ́ọ́kú, owó náà á sì lọ fún ìṣẹ́ àánú. Láti 1954 ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n gbà kéèyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wọlé, mọ́ínmọ́ín wa ò ní ṣàì tẹ̀ lé wa.

Bí wọn ò bá fún ẹ̀gbọ́n ní físà, mi ò ní dá lọ. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn wò ó, mo kọ̀. Ìbàdàn ni mo máa gbà lọ, a ó jọ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, a ó sì tún kọ fọ́ọ̀mù mìíràn. Ashe béèrè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kọ̀. Ó tún béèrè. Ìwé ẹ̀gbọ́n ti pé sínú fáìlì báyìí, ó ku ìwé báńkì oṣù tó ń bọ̀.