Night of the Living Dead

Night of the Living Dead jẹ́ fíìmù adẹ́rùbani ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí ó jáde ní ọdún 1968. George A. Romero ni olùdarí rẹ̀. Òun àti John A. Russo ni wọ́n jọ kọ ìtàn rẹ̀. Nǹkan bí 114,000 dọ́là péré ni wọ́n ná lé e lórí, síbẹ̀ òun ni ó bí ọ̀wọ́ àwọn fíìmù Romero nípa òkú tí ń rìn.

Ìtàn inú fíìmù

Barbra àti Johnny, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, lọ sí ojú oórì bàbá wọn. Ọkùnrin kan kọlù wọ́n níbẹ̀, Johnny sì kú. Barbra sá lọ sí ilé oko kan, Ben, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, sì bá a níbẹ̀. Àwọn márùn-ún mìíràn ti sá pamọ́ sí àjà-ilẹ̀ ilé náà. Àwọn òkú tí ó jí dìde, tí wọ́n ń jẹ ẹran ara ènìyàn, yí ilé náà ká.

Ben ní kí wọ́n fi pákó dí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Harry Cooper ní inú àjà-ilẹ̀ nìkan ni ààbò wà. Àríyànjiyàn yìí kò jẹ́ kí wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan. Nígbẹ̀yìn, àjà-ilẹ̀ tí Ben kọ̀ ni ó gbà á lọ́wọ́ àwọn òkú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn tí ó wá pa àwọn òkú náà rò pé ọ̀kan nínú wọn ni Ben, wọ́n sì yìnbọn pa á.

Ìṣẹ̀dá

Fíìmù ìpolówó ọjà ni Romero àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ní ìlú Pittsburgh tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n sì ya fíìmù náà ní agbègbè Evans City, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Àwòrán dúdú àti funfun ni wọ́n lò. Nítorí èyí, omi ṣokoléètì tó láti dúró fún ẹ̀jẹ̀.

Duane Jones ni ó ṣe Ben. Romero sọ pé wọ́n yàn án nítorí pé òun ni ó ṣe dáadáa jù lọ nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù náà jáde ní oṣù kẹwàá, kò tíì pé oṣù méje tí wọ́n pa Martin Luther King. Ọ̀pọ̀ òǹwòran kò lè ya ikú Ben sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀tọ́ àwòkọ

Night of the Flesh Eaters ni àkọlé rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó pín in kiri yí àkọlé náà padà, àmì ẹ̀tọ́ àwòkọ kò sí lára àkọlé tuntun. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà ìgbà náà, iṣẹ́ tí kò bá ní àmì yìí di ti gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ó sì tà á, láìsan kọ́bọ̀ fún àwọn tí ó ṣe é. Owó ńlá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ni ó gbé fíìmù náà dé ibi gbogbo.

Ipa

Nínú ìgbàgbọ́ àwọn ará Haiti, zombie jẹ́ òkú tí oníṣègùn ń darí. Òkú ti Romero kò ní ọ̀gá. Ebi nìkan ni ó ń darí wọn. Wọn kò pe orúkọ náà rárá nínú fíìmù yìí, àmọ́ òun ni ó sọ zombie di ohun tí ayé mọ̀ lónìí. Romero fi Dawn of the Dead (1978), Day of the Dead (1985) àti Land of the Dead (2005) tẹ̀lé e. Ní ọdún 1999, ilé-ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, Library of Congress, fi í sínú àkójọ àwọn fíìmù tí ó yẹ láti tọ́jú.