Ìwádìí Àkọsílẹ̀ Jàǹbá Ọkọ̀ Òfúrufú Ogun: Ohun tí Káàdì Sọ àti Ohun tí Kò Sọ

Bí a bá ń sọ ìtàn ogun àgbáyé kejì, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hítílà, àwọn ọmọ ogun wa tí wọ́n lọ sí Bọ́mà ni a máa ń kọ́kọ́ rántí. Àwọn tí wọ́n wọ ọkọ̀ òfúrufú kò pọ̀, a sì máa ń gbójú fò wọ́n. Àwọn tí a tilẹ̀ gbàgbé jù ni àwọn tí kì í ṣe ọ̀tá ni ó pa wọ́n, tí ó jẹ́ pé ṣe ni ọkọ̀ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ṣàdédé já bọ́ ní ọjọ́ tí kò sí ìjà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ wo àwọn ìwé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa irú jàǹbá bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n wà, àti ìdí tí ó fi yẹ kí ẹni tí ó bá ń kà wọ́n máa ṣọ́ra.

Irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Nínú ẹ̀ka ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì tí ń ju bọ́ǹbù, ènìyàn 55,573 ni ó kú. Ó lé ní 8,000 nínú wọn tí ó jẹ́ pé ẹnu ẹ̀kọ́ tàbí ìrìn-àjò tí kì í ṣe ti ojú ogun ni wọ́n kú sí. Ilẹ̀ wa náà rí ọkọ̀ ogun. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1940 ni wọ́n ti ń kó ọkọ̀ òfúrufú nínú àpótí wá sí Takoradi ní ilẹ̀ Gánà. Wọn a tò ó pọ̀ níbẹ̀, wọn a sì wà á gba Èkó, Kánò àti Maiduguri kọjá títí dé Khartoum àti Cairo. Ó lé ní 5,000 ọkọ̀ tí ó gba ọ̀nà náà. Ní Àpápá pàápàá, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 270 wà níbẹ̀ ní ọdún 1943 àti 1944, orí omi sì ni ọkọ̀ wọn ń balẹ̀ sí.

Ẹni tí ó mú wa bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yìí ni Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, òfin kò jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ìran Yúróòpù pọ́ńbélé di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù kẹwàá ọdún 1939 ni wọ́n tó gbé òfin náà tì. Ní ọdún 1942, Thomas di ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè ọ̀gá níbẹ̀. Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n kò jìnnà síra nínú òkìkí ní ìdílé yẹn, nítorí Stella Thomas tí í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀ ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ adájọ́ májísíréètì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1945, nígbà tí ogun fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, jàǹbá ọkọ̀ òfúrufú pa Thomas ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibojì rẹ̀ wà ní Haycombe, ní ìlú Bath.

Báwo ni a ṣe lè tọpasẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá mú orúkọ nìkan lọ́wọ́ yóò rìn títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Káàdì jàǹbá, tí wọ́n ń pè ní Fọ́ọ̀mù 1180, wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ẹgbẹ́ náà ní Hendon. Oríṣi ọkọ̀ àti ọjọ́ ni wọ́n fi tò ó, kì í ṣe orúkọ ènìyàn, kì í sì í ṣe ìlú tí ó ti wá. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀: àjọ tí ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun yóò fún wa ní ọjọ́ ikú. Láti ibẹ̀ a ó lọ sí Kew ní Lọ́ńdọ́nù, níbi tí ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ àmì AIR 27, ti ibùdó wà lábẹ́ AIR 28, tí fáìlì àwọn tí ó kú tàbí tí ó fara pa sì wà lábẹ́ AIR 81. Àwọn fáìlì AIR 81 yìí ni ó sún mọ́ ènìyàn jù. Inú wọn ni a ti ń rí lẹ́tà tí wọ́n kọ sí òbí, àti ọ̀rọ̀ ìsìnkú.

Ẹ má ṣe rò pé ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ péye nígbà gbogbo. Ọ̀gá kan a kọ ojú ìwé gbọọrọ nítorí jàǹbá kan. Ẹlòmíràn, bóyá nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́, a kọ ìlà kan péré, a sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lọ́jọ́ náà.

Káàdì jàǹbá ni a fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ó ń sọ nọ́ńbà ọkọ̀, ọjọ́, orúkọ awakọ̀, iye wákàtí tí ó ti fò láyé rẹ̀ àti iye tí ó ti fi irú ọkọ̀ náà gan-an fò. Lẹ́yìn èyí ni ìdí jàǹbá, tí wọ́n kọ ní ṣókí. Lemọ́lemọ́ ni a ń rí i pé àṣìṣe awakọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ọ̀gá tí ó kọ káàdì náà kì í sábà wo ẹ̀yìn. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan kò tíì fi irú ọkọ̀ kan fò ju wákàtí mẹ́wàá lọ, tí wọ́n ní kí ó gbé e lóru nínú kùrukùru, tí ó sì kọ lu òkè. Àṣìṣe ta ni? Àwọn wákàtí náà wà lórí káàdì kan náà tí ìdájọ́ wà. Ó yẹ kí òpìtàn ka méjèèjì pọ̀. Òkú kò lè rojọ́, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá sì ni àgbà òṣìkà. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ìgbìmọ̀ tí ó ṣe ìwádìí àwọn jàǹbá náà, tí ẹlẹ́rìí ti sọ tẹnu wọn, ni wọ́n ti sọ nù. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀ràn, ìlà ṣókí ti orí káàdì yẹn ni ó ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀ fún àwa olùkọ́ èdè. Akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kò mọ àmì ohùn, kò sì mọ ṣ yàtọ̀ sí s. Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ẹgbẹ́ 76 fò, tí wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ DFC, sh ni wọ́n fi kọ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá orúkọ Yorùbá nínú àwọn ìwé wọ̀nyí gbọ́dọ̀ gbìyànjú sh, kí ó gbìyànjú s, kí ó sì wo orúkọ àárín pẹ̀lú. Orúkọ ìdílé Thomas kò ní fi hàn ẹnikẹ́ni pé Yorùbá ni ó ń jẹ́ ẹ. Adéníyì tí ó wà láàárín ni ó tú u fó.

Ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n kọ sí òbí ni ó wà ní Kew; ojúlówó rẹ̀ wá sí ilé. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá mọ ìdílé tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wà nínú àpótí wọn, tàbí ìwé ìfòlọ ọmọ wọn, tàbí àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ ogun, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tọrọ àyè, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí àwọn àgbà ilé bá sọ nípa rẹ̀ sílẹ̀ kí ikán tó jẹ ẹ́.